Ẹja ẹyọ kan tó lẹ́wà, tí kò ní dá ìjà sílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú, alẹ́ Sátidé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti bí oṣù mẹ́fà ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láìfọhùn. Lónìí, ọ̀rọ̀ kàn mí.

Táǹkì ẹja omi iyọ̀ wa gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́ta, omi inú rẹ̀ tó 150 lítà. Pálọ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí a gbé e kalẹ̀. Clownfish méjì, ẹja ọlọ́sàn onílà funfun yẹn, ló wà níbẹ̀, ìgbín òkun mẹ́fà, àti iyùn abẹ̀mí mẹ́ta, irú àwọn tó rọ̀, tí wọ́n ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún nínú omi. Ammonia òdo, nitrite òdo, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá, ìwọ̀n iyọ̀ 1.025 bíi ti òkun, ooru omi kì í kọjá 27. Àpáta wà, ihò sì wà nínú àpáta.

Àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá, ẹja ni wọ́n ní kí n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Táíwò ń fẹ́ búlúù. Kẹ́hìndé ní òun ń fẹ́ èyí tó ní gbogbo àwọ̀ lára bí aṣọ àǹkárá. Bàbá wọn ní ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò gbọdọ̀ di méjì. Ní tèmi, ìjà ni n ò fẹ́. Clownfish tó jẹ́ obìnrin nínú méjèèjì ti ń ṣe bí ìyálé. Irú ẹja wo ni kí n mú wọlé bá a?

Àǹtí Gíláàsì, alẹ́ Sátidé

Royal gramma. Ẹ lọ sùn.

Bọ̀dá Àrọ̀, alẹ́ Sátidé

Èmi tí mo ní kòtò ẹja àrọ̀ méjì lẹ́yìnkùlé, tí mo bá fẹ́ rí àwọ̀ lára ẹja, tàtàṣé ni mò ń lọ̀ sí i. Ẹja tí wọ́n ń tan iná fún, tí wọ́n ń ra iyọ̀ fún, tí ẹnì kankan ò ní jẹ! Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, eré ni mò ń ṣe.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, eré ni tiyín. Ọkọ mi sọ ọ́ báyìí gẹ́lẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, àárọ̀ Sọ́ńdè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Olúwa á dá wọn sí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀yìn àtẹ ẹja ni mo ti dàgbà, ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti ń tajà. Ẹja tí mo lè pe orúkọ rẹ̀ láìwo ìrù rẹ̀ kò níye. Síbẹ̀, ẹja àkọ́kọ́ tí mo rà sínú táǹkì omi iyọ̀ dójú tì mí.

Damsel ni. Búlúù rẹ̀ dà bí iná tí àwọn wẹ́dà ń jó, ẹ ò ní lè wò ó kí ẹ mójú kúrò. Òun ló dín owó jù nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ẹni tó tà á fún mi sì ní ẹja líle ni, kì í kú. Òtítọ́ ló sọ, kò kú. Àwọn yòókù ló kú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó gba igun kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gba ìdajì táǹkì. Kó tó di ìparí oṣù, ó ti ya ìrù àwọn ẹja méjì tó bá níbẹ̀ bí ìgbà tí èkúté bá wọ inú àpótí aṣọ. Tí mo bá ti ọwọ́ bọ omi láti nu gíláàsì, ọwọ́ mi ló ń bù jẹ. Agbèrò gbáà. Ọjọ́ tí mo fẹ́ mú un jáde, gbogbo àpáta ni mo kó síta, odidi wákàtí mẹ́ta, ìsìn Sọ́ńdè sì kọjá mi.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ní ẹja kan ò gbówó lórí, pé ó le, pé kì í kú, mo máa ń béèrè ohun tó ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ìjà ẹja, ìjà ilẹ̀ ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wa tí ẹ mọ̀ yẹn, ó kéré sí tiwọn. Ẹja tó bá ní ihò tirẹ̀, tí ẹnì kan ò bá a dù ú, á jókòó jẹ́ẹ́. Méjì tí ara wọn jọra, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí wọ́n ń sùn ní irú ibì kan náà, ìyẹn ni kì í gbọ́ra yé. Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń sùn sí. Clownfish yín kì í sùn nínú ihò, inú iyùn tàbí igun kan lókè ló ń fara mọ́. Ẹja tó ń gbé ihò kò ní bá a fa nǹkan kan.

Ẹ wo bó ṣe máa tóbi tó pẹ̀lú. Mo mọ ẹja búlúù tí Táíwò ń rò, blue tang ni. Ní ṣọ́ọ̀bù kò ju ìka ọwọ́ lọ. Tó bá dàgbà, ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn rúlà ọmọ ilé ìwé kan gbáko. Ẹ fún Táíwò ní rúlà rẹ̀, kó fi wọn táǹkì náà fúnra rẹ̀.

Kí n má gbàgbé: butterflyfish lẹ́wà bí ìyàwó ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n iyùn yín ni oúnjẹ rẹ̀. Lionfish á gbé clownfish mì bí ẹni gbé ògì mì.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Táíwò ti wọ̀n ọ́n. Rúlà mẹ́ta ni táǹkì náà gbà ní òró. Ó dúró, ó wo rúlà, ó wo táǹkì, ó ní, "Màámi, ibo ló máa yí sí?" Ó ti yọwọ́ nínú ẹja yẹn. Ó kù sọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

Ẹni Tó Ti Jẹ̀bi Rí, ọ̀sán Sọ́ńdè

Ẹja tí Kẹ́hìndé ń sọ wà láyé yìí. Mandarin ni wọ́n ń pè é. Búlúù, ọsàn, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn bí ẹni fi àǹkárá wé e lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

Mo ra ọ̀kan. Oúnjẹ tí mo bá dà sómi, á wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé àwo ẹlòmíì fún. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan báyìí, copepod, tó ń gbé lára àpáta, ni ẹja náà ń ṣà jẹ láti òwúrọ̀ títí tí iná á fi kú. Táǹkì ńlá tó ti lọ́jọ́ lórí nìkan ló lè bí kòkòrò náà tó èyí tó ń jẹ. Tèmi kéré, ó ṣà á tán. Ó ń rìn, ó ń rìn, kò dáwọ́ dúró, mo sì rò pé ara rẹ̀ dá. Ọjọ́ tí mo wò ó látòkè ni mo rí i pé orí rẹ̀ ti fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ikùn ti wọ inú. Ebi ló pa á, pẹ̀lú oúnjẹ káàkiri omi. Mo ṣì ń ronú rẹ̀.

Àǹtí Gíláàsì, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Ó dáa, ẹ ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹja tí mo fẹ́ràn jù láyé ni firefish: orí funfun, ìrù pupa bí ẹyín iná, ìyẹ́ kan báyìí lókè tó máa ń nà sókè bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Pẹ̀lẹ́ ni, ojú ń tì í. Kò lè bá eṣinṣin jà. Àmọ́ tí ẹ̀rù bá bà á, fífò ni. Mo wá tèmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ tí a gbé àga láti gbálẹ̀ ni mo rí i lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbẹ bíi pańla.

Tí ẹ bá máa ra èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdérí. Kì í ṣe gíláàsì tó dí pa, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọlé, omi á sì gbóná sí i. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe férémù, kí ẹ na àwọ̀n tó lójú tín-ínrín, tó funfun, sí i lára kí iná lè ráyè kọjá. Gramma náà máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò ẹ̀yìn tí wáyà gbà wọlé, ẹ dí i. Ibẹ̀ ni tèmi gbà jáde.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, alẹ́ Sọ́ńdè

Royal gramma ni èmi náà máa sọ, ṣùgbọ́n "ẹ lọ sùn" yẹn ti yá jù. Ẹ̀tàn kan wà lọ́jà tí Ìyá Ìbejì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹja náà fúnra rẹ̀. Ìdajì iwájú jẹ́ elésè àlùkò, ìdajì ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n dáadáa. Kò ju 8 sẹ̀ǹtímítà lọ. Òkun Karibíà ni ilé rẹ̀, ìyẹn òdìkejì Àtìláńtíìkì kan náà tó ń fọ́ sí etíkun Àgbádárìgì. Etíkun tiwa, yanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Tọ̀hún ni àpáta iyùn wà. Kì í jẹ iyùn, kì í yọ ìgbín lẹ́nu. Ẹran wẹ́wẹ́ tí omi bá gbé kọjá iwájú ihò rẹ̀ ló ń bù jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ihò náà, á la ẹnu sí i. Ẹnu ọ̀hún tóbi ju ohun tí ẹ lè retí lára ẹja tó kéré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdẹ́rùbà lásán ni, kì í sábà dé ibi ìbùjẹ. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà. Méjì lójú kan nínú táǹkì tó mọ báyìí, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ sọ ló máa dà.

Ẹ̀tàn ibẹ̀ wá nìyí. Ẹja mìíràn wà tó ń jẹ́ royal dottyback, Òkun Pàsífíìkì lòun ti wá, àwọ̀ méjì yìí kan náà ló wọ̀: àlùkò níwájú, ìyeyè lẹ́yìn. Tí ẹ bá wò ó láti òkèèrè, ìbejì ni wọ́n. Ìwà rẹ̀, ẹ padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ nípa damsel lókè. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á kàn pe méjèèjì ní royal.

Ẹ dúró ti gíláàsì, kí ẹ wo àárín ara ẹja náà, ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Lára gramma, wọ́n wọnú ara wọn: àlùkò ń tú ká di àmì wínníwínní sórí ìyeyè, bí aró ṣe máa ń ràn létí ibi tí wọ́n ti di àdìrẹ. Lára dottyback, ó dà bí ẹni fi rúlà fàlà: ibi tí àlùkò parí sí gan-an ni ìyeyè ti bẹ̀rẹ̀. Èyí nìkan tó láti fi mọ̀ ọ́n. Tí ojú bá ṣì ń ṣe yín, gramma ní ìlà dúdú kan tó gba ojú rẹ̀ kọjá, ó sì ní àmì dúdú róbótó níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn. Dottyback kò ní.

Tí kò bá jẹ́ gramma, èyí tó wu ọkàn mi ni Banggai cardinalfish, tí wọ́n bí nínú táǹkì. Fàdákà ni, ìlà dúdú àti àmì funfun, ó ń dúró nínú omi bí ẹni ń ronú. Erékùṣù Banggai ní Indonéṣíà nìkan ló ti wá, wọ́n sì kó o nínú òkun débi pé láti 2007 ló ti wà nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run. Akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu, kò sì ní jẹun títí tí ọmọ á fi jáde. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé fẹ́ àwọ̀, fàdákà ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Bí aró ṣe ń ràn lára àdìrẹ. Mo ti fi àdìrẹ ìyá mi kan han àwọn méjèèjì báyìí. Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Ó ku bí a ṣe máa mú un wọlé.

Ọmọ Kẹ́kọ̀ọ́, Mọ́ńdè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí n ya ọ̀nà díẹ̀. Ìkòròdú níbí lèmi náà wà, ọ̀sà ò jìnnà sí wa rárá. Ṣé n ò lè máa pọn omi ọ̀sà dípò kí n máa ra iyọ̀? Iyọ̀ yìí wọ́n.

Ará Àgbádárìgì, Mọ́ńdè

Àbúrò, ọ̀sà kì í ṣe òkun. Omi dídùn àti omi iyọ̀ ló ń bára wọn jà nínú ọ̀sà Èkó. Tí òjò bá dé, odò Ògùn á da tirẹ̀ sí i, iyọ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá. Ti ìhà Ẹ̀pẹ́ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká má tíì sọ epo ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí ilé. Ẹja àpáta iyùn fẹ́ iyọ̀ tó dúró sójú kan.

Èmi tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń pọn ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. A ń wa ọkọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, a kì í pọn ọ́n létí bèbè. Màá gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, màá dé e sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè sọ̀ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà màá wọn iyọ̀ rẹ̀. Tí kò bá pé 1.025, n ò ní lò ó. Nígbà òjò, iyọ̀ ni mò ń rà bíi tiyín: nǹkan bí gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi iyọ̀ ọbẹ̀ dípò rẹ̀ o, kò ní kálíṣíọ̀mù àti magnesium tí iyùn fi ń kọ́ ara rẹ̀. Omi bọ́họ̀lù náà, irin ń pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò ni kí ẹ fi po iyọ̀.

Ẹ dákun, mo mọ̀ pé ẹja la ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń bínú, omi ló sábà máa ń mú un bínú.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, Mọ́ńdè

Bí a ṣe ń mú àlejò wọlé. Clownfish yín ti mọ gbogbo igun táǹkì náà. Kí ẹ tó tú gramma sílẹ̀, ẹ sún àpáta díẹ̀ nípò, méjì tàbí mẹ́ta tó, kí ilẹ̀ náà lè di tuntun lójú gbogbo wọn. Ẹ bọ́ àwọn onílé yó. Ẹ pa iná. Ẹ wá abọ́ ike tó mọ́ gaara, kí ẹ lu ihò sí i lára káàkiri, ẹ fi àlejò sínú rẹ̀ láàárín táǹkì fún ọjọ́ méjì. Wọ́n á rí ara wọn, wọn ò ní lè fọwọ́ kan ara wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu wọn.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì, Mọ́ńdè

Kí wọ́n tó dé inú abọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀.

Àǹtí Gíláàsì

Tíṣà tún ti dé. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ra ẹja, n kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, tèmi ò kú.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì

Àǹtí mi, orí yín ló dáa. Àrùn kan wà tó máa ń yọ bí ìyẹ̀fun iyọ̀ funfun lára ẹja. Oògùn tó ń pa á, bàbà, ìyẹn copper, ló wà nínú rẹ̀. Bàbà yẹn kan náà á pa iyùn àti ìgbín. Tí àrùn náà bá ti wọ táǹkì oníyùn, ẹ ò lè da oògùn náà síbẹ̀ mọ́; ẹ ó kó gbogbo ẹja jáde. Ìyá Ìbejì, ike ńlá kan tí ọṣẹ ò kàn rí, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ pẹ̀lú fóòmù asẹ́mi, gígé páìpù omi kan kó lè rí ihò sá sí, ó parí. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́.

Nígbà rírà, ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín. Ẹja tí kò bá jẹun lójú ẹni tó ń tà á, ẹ má gbà pé ó máa jẹ ti yín. Tí ẹnu tàbí ìyẹ́ etí rẹ̀ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ fi sílẹ̀.

Bọ̀dá Àrọ̀, Túsídè

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, oúnjẹ ńkọ́? Níbí ni ẹ ti nílò agbẹ̀.

Àwa tó ń pa ọmọ ẹja àrọ̀, artemia, ohun wínníwínní kan tó jọ edé, la fi ń bọ́ wọn, nínú agolo ló ti ń wá, ẹyin rẹ̀ dà bí àtíkè aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹja kékeré inú òkun yín náà ń jẹ ẹ́, ọmọ rẹ̀ tó bá ń wẹ̀ lómi ni wọn kì í lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ gé ìdí ìgò omi lítà kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ pa ìdérí rẹ̀ mọ́, ẹ bu omi iyọ̀ sí i, àti ìdajì ṣíbí tíì ẹyin náà. Ẹ ti rọ́bà pọ́ǹpù bọ ìsàlẹ̀ kó máa hó gùdùgùdù. Ooru ilé wa níbí, 28, ló fẹ́. Tó bá di wákàtí 24, á ti pa. Ẹ wá pa pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo ẹyin á léfòó, àwọn ọmọ á sọ̀ sísàlẹ̀, àwọ̀ wọn pọ́n bí ọsàn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fà wọ́n. Ẹ má bu èèpo fún ẹja, ó máa ń há ìfun. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ṣan án, ẹ dà á fún wọn.

Oúnjẹ ìtọ́wò nìyẹn o, kì í ṣe oúnjẹ gidi. Edé tútù tí ẹ ti gbé sínú fìríìsà, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ni kó jẹ́ àwo gidi wọn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnì kan ò ní jẹ ẹ́!

Bọ̀dá Àrọ̀

N ò tíì yí ohùn padà.

Àǹtí Gíláàsì, Túsídè

Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó rà á, ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, afẹ́fẹ́ inú omi ló kọ́kọ́ ń tán, pàápàá lóru tí omi gbóná. Mo ti jókòó rí láti aago kan òru di aago márùn-ún tí mò ń fi ife bu omi sókè, tí mò ń dà á padà. Tí iná ò bá sí, ẹ má bọ́ wọn. Ooru tó ń mú nílé wa yìí ńkọ́, fáànù kékeré tó kọjú sómi máa ń mú un wálẹ̀. Omi á máa gbẹ, iyọ̀ kì í sì bá a lọ, nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí i. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gíláàsì mi níbi tí omi gbọ́dọ̀ dé.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú, ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé mo ti sá.

A dé ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Mummy, royal gramma gidi rèé." Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ọkàn mi ti fà sí i. Kẹ́hìndé tẹ imú mọ́ gíláàsì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ló bá ní, "Rúlà ni, Màámi. Rúlà ni wọ́n fi fà á." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, àlùkò dúró gbáà, ìyeyè bẹ̀rẹ̀ gbáà. A kí ọmọkùnrin náà, a jáde.

Ṣọ́ọ̀bù kejì, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ni a ti rí i. Àárín ara rẹ̀ rí bí etí àdìrẹ ìyá mi gẹ́lẹ́. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ó yọ orí nínú páìpù, ó gbé ẹyọ kan, ó wọlé padà, ó tún yọ. Mo sanwó. Nílé, rọ́bà dírípù tí mo rà ní ilé oògùn ni mo fi ń kán omi wa sínú omi rẹ̀, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Táíwò ń fa ìlà sára kàlẹ́ńdà. Bàbá wọn tó ní ẹyọ kan ṣoṣo, òun ló ń dìde ṣáájú gbogbo ilé láti lọ wò ó, á ní òun fẹ́ bu omi mu ni.

Abọ́ oníhò, ọjọ́ méjì, a ṣe é. Nígbà tí a tú u sílẹ̀, ó wọ ihò ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ìyálé wa gbéra, ó lọ bá a dẹ́nu ọ̀nà. Gramma la ẹnu. Tíṣà, ẹ ò parọ́, ẹnu yẹn tóbi! Ìyálé wò ó, ó yíra padà wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìdààmú kan. Àárọ̀ àná, igbe Kẹ́hìndé ló jí mi: "Ẹja ti kú!" Mo sáré dé pálọ̀, mo bá gramma lábẹ́ àpáta ńlá, ikùn sókè, ẹ̀yìn sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tutù. Bí mo ṣe gbé àwọ̀n pé kí n yọ ọ́, ó ṣẹ́ra padà, ó wò mí, ó tún yí ikùn sókè.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, èmi ni mi ò sọ ọ́. Bó ṣe ń ṣe nínú òkun nìyẹn. Ikùn ló máa ń kọ sí àpáta, bó bá jẹ́ òrùlé ihò ló sún mọ́ ọn, ikùn á kọjú sókè. Ara rẹ̀ dá ṣáká.

Bọ̀dá Àrọ̀

Ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ?

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá dé lẹ́yìn Táíwò àti Kẹ́hìndé, orúkọ wo ló tún kù ju Ìdòwú lọ? Bàbá wọn ti ní tí Àlàbá bá ń bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sanwó rẹ̀.